Àkísà Tó Di Ohun Iyì: Aṣọ Àlẹ̀pọ̀, Irinṣẹ́ Rẹ̀ àti Àwọn Obìnrin Tó Fi Abẹ́rẹ́ Gba Ara Wọn Là

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú òwe yìí, àkísà kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ̀rí ni pé ẹni tó ni ín ti pẹ́ láyé, ó ti lo aṣọ gbó, ó sì ní ìtàn láti sọ. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó fi òtítọ́ òwe náà hàn kedere. Iṣẹ́ náà ni kíkó àgékù aṣọ àti aṣọ tó ti gbó jọ, kí a gé wọn sí wẹ́wẹ́, kí a sì rán wọn mọ́ra títí wọn yóò fi di aṣọ ìbora ńlá. Àwọn òyìnbó ń pè é ní quilt. Aṣọ àlẹ̀pọ̀ ni orúkọ tí yóò máa jẹ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀pọ̀ ló kà á sí eré ọwọ́dilẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ yìí ti gba àwọn tálákà lọ́wọ́ òtútù, ó ti fún àwọn obìnrin tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ ní owó oúnjẹ, àwọn ènìyàn sì ti fi ṣe ìrántí òkú tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ wọn.

KÍ NI AṢỌ ÀLẸ̀PỌ̀ GAN-AN?

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ àlẹ̀pọ̀ ní. Èkíní ni ojú aṣọ, ìyẹn apá òkè tí gbogbo ènìyàn ń rí, níbi tí àwọn ègé aṣọ oríṣiríṣi ti so pọ̀. Èkejì ni òwú àárín, èyí tó ń mú kí aṣọ náà nípọn kó sì móoru. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn aṣọ, tó sábà máa ń jẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan tí kò ní àránpọ̀ púpọ̀. Ìrán tó gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ló sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ìrán yìí kò bá sí, òwú àárín yóò ṣù jọ sí ojú kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ aṣọ náà.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ọgbọ́n yìí wà. Ní Borno àti Sókótó, láyé ogun àwọn ẹlẹ́ṣin, aṣọ nínípọn tí wọ́n fi òwú àràbà kún, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán káàkiri, ni wọ́n ń fi bo ẹṣin kí ọfà àti ọ̀kọ̀ má baà tètè wọ ara rẹ̀. Lifidi ni àwọn Hausa ń pè é. Ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn aránṣọ ààfin a máa gé àwòrán kìnnìún, ẹja, ẹyẹ àti jagunjagun lára aṣọ, wọn a sì rán wọn mọ́ aṣọ ńlá láti fi pa ìtàn àwọn ọba Dahomey mọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ti rí ẹ̀kú eégún aláṣọ rírí dáadáa mọ̀ pé ègé aṣọ oríṣiríṣi ló so pọ̀ níbẹ̀, tí etí wọn rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, àti pé ẹbí a máa fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́ láti ọdún dé ọdún.

Ní ọdún 1983, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Flash of the Spirit, pé ìjọra wà láàárín aṣọ àlẹ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tí wọ́n rán ní ọ̀já-ọ̀já, àti aṣọ híhun tóóró ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí aṣọ òkè wa náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń ṣe ìkìlọ̀ pé kí a má ṣe sáré sọ pé Áfíríkà nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá, nítorí àwọn òyìnbó tó ti Yúróòpù dé náà mú ọgbọ́n ìránpọ̀ tiwọn wá. Ọ̀nà méjèèjì ló pàdé lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú.

GEE'S BEND: ABÚLÉ TÍ ODÒ YÍ KÁ

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ àlẹ̀pọ̀, abúlé kan wà tí kò ṣeé fò dá. Orúkọ rẹ̀ ni Gee's Bend, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Boykin ni ìjọba kọ sílẹ̀. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò Alabama ti tẹ̀ kọdọrọ, tí omi fi yí ilẹ̀ náà ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Joseph Gee ni òyìnbó tó kọ́kọ́ dá oko òwú síbẹ̀ ní ọdún 1816. Ní ọdún 1845, oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mark Pettway. Láti North Carolina ni ó ti kó nǹkan bí 100 ẹrú wá, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì fi rin ìrìn náà. Títí di òní, Pettway ni orúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Gee's Bend, bí wọn kò tilẹ̀ bá ara wọn tan.

Lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí, àwọn ọmọ wọn ń dá oko onílẹ̀, wọ́n ń pín èrè pẹ̀lú rẹ̀, gbèsè ni wọ́n sì ń fi orí rù. Ní ọdún 1932, oníṣòwò kan tó ń yá wọn lówó kú, àwọn ajogún rẹ̀ sì wá gba gbèsè. Wọ́n kó màlúù, ìbaaka, adìyẹ, ohun èlò oko àti oúnjẹ inú àká lọ. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa abúlé náà run lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ dá sí i, ó ra ilẹ̀ náà, ó kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì ta ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀dínwó.

Nínú ilé onípákó tí afẹ́fẹ́ ń gba ihò rẹ̀ wọlé ni àwọn ìyá wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ àlẹ̀pọ̀. Wọn kò ní owó láti ra aṣọ tuntun. Ṣòkòtò oko tó ti ya, àpò ìyẹ̀fun, àpò ajílẹ̀ àti aṣọ ọmọ tó ti kéré ni wọ́n ń lò. Òwú tó bá kù sílẹ̀ ní ibi ìfọ̀wú ni wọ́n ń gbá jọ, wọn a fi igi lù ú títí yóò fi rọ̀, òun ni wọn yóò sì tẹ́ sí àárín. Ọmọ púpọ̀ a máa sùn sórí ibùsùn kan, aṣọ àlẹ̀pọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a sì wà lára wọn.

Ní ọdún 1942, obìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Missouri Pettway di opó. Ó kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ jọ, ó gé wọn, ọmọbìnrin rẹ̀ Arlonzia sì bá a rán wọn pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Arlonzia ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ìyá rẹ̀ fẹ́ fi aṣọ náà rántí ọkọ rẹ̀, kó sì máa fi bora. Ibi orúnkún tó ti ṣá àti ibi àpò tí oòrùn kò dé ṣì hàn lára aṣọ náà títí di òní. Àkísà àgbà nìyẹn.

ÌJÀ Ẹ̀TỌ́ ÀTI ẸGBẸ́ ARÁNṢỌ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969, àwọn aláwọ̀ dúdú Alabama bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò. Láti Gee's Bend, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ sọdá lọ sí Camden, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn, láti lọ forúkọ sílẹ̀. Ní ọdún 1962, àwọn aláṣẹ dá ọkọ̀ náà dúró. Láti ìgbà náà, ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí omi di nǹkan bí wákàtí kan lójú títì. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ náà tó padà. Martin Luther King fúnra rẹ̀ wá bá wọn ní abúlé náà ní oṣù kejì ọdún 1965. Nítorí ìdìbò yìí, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè náà kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń dáko sí, wọ́n sì lé àwọn mìíràn kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àsìkò yìí ni àlùfáà kan, Francis X. Walter, ń rìn kiri agbègbè náà, tó rí aṣọ àlẹ̀pọ̀ mẹ́ta lórí okùn tí wọ́n sá wọn sí. Ó ronú pé iṣẹ́ náà lè mú owó wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún 1966, àwọn obìnrin Gee's Bend àti ti àwọn abúlé tó yí i ká dá ẹgbẹ́ alájẹṣékù sílẹ̀, wọ́n pè é ní Freedom Quilting Bee. Wọ́n kó aṣọ wọn lọ sí New York láti lọ tà á ní gbàǹjo. Owó tó wọlé ni wọ́n fi ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìránṣọ sórí rẹ̀ ní ọdún 1969, wọ́n sì ta lára ilẹ̀ náà fún àwọn ìdílé tí wọ́n ti lé jáde. Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ ìrọ̀rí fún wọn, aṣọ corduroy olójú ilà-ilà ni wọ́n sì fi ṣe é. Àgékù aṣọ náà ni àwọn ìyá kó lọ sílé, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ aṣọ àlẹ̀pọ̀ abúlé náà láti àsìkò yẹn fi jẹ́ corduroy. Ẹgbẹ́ náà kógbá wọlé ní ọdún 2012, lẹ́yìn ọdún 46.

ÀWỌN IRINṢẸ́ TÍ OLÙBẸ̀RẸ̀ NÍLÒ

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kò nílò ohun púpọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Abẹ́rẹ́ kúkúrú ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń lò fún ìrán tó gba ìpele mẹ́ta kọjá, nítorí ó rọrùn láti darí. Òwú ìránṣọ tó nípọn díẹ̀ ló dára jù, kó má baà já. Ìbọ̀ka onírin kékeré tí àwọn télọ̀ ń fi sí orí ìka àárín ṣe pàtàkì, nítorí òun ni yóò máa ti ìdí abẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni àlùmọ́gàjí mímú tí a kò gbọdọ̀ fi gé ìwé, rúlà gígùn, ṣọ́ọ̀kì àwọn télọ̀, píìnì àti áyọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ kì í ka áyọ́ọ̀nù kún irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrán tí a kò lọ̀ kì í tẹ́jú, ègé tí kò bá sì tẹ́jú kò ní bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba.

Ní ọdún 1979, ilé iṣẹ́ Olfa ní ilẹ̀ Japan gbé ọ̀bẹ roboto kan jáde, tó ń yí bíi táyà kẹ̀kẹ́ bí a ti ń tì í lórí aṣọ. Ó lè gé ìpele aṣọ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀nà tó gún régé, ó sì yí iṣẹ́ yìí padà pátápátá. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45 ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ ní ìtẹ́dìí rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un, àti rúlà oníke tó nípọn. Ó mú ju bí ojú ti rí i lọ: kí a pa á dé ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e sílẹ̀, kí ọmọdé má sì dé ibi tó wà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ kò pọn dandan, àmọ́ ó ń mú iṣẹ́ yá. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀ tó wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá lè rán ojú aṣọ láìsí wàhálà. Ibi tí ìṣòro wà ni ìpele mẹ́ta, nítorí aṣọ ìsàlẹ̀ a máa sáré ju ti òkè lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi ẹ̀rọ rán ojú aṣọ, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ parí rẹ̀. Férémù onígi tó ń na aṣọ gbọnrangandan ni wọ́n ń lò fún ìparí yìí. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, òkè àjà ni wọ́n ń so ó kọ́, wọn a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí iṣẹ́ bá yá.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Aṣọ òwú ló dára jù fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí ó gba ooru áyọ́ọ̀nù, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́. Kí a má ṣe da léèsì tàbí ṣẹ́dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí a kọ́kọ́ fọ gbogbo aṣọ, nítorí òmíràn a máa súnkì, òmíràn a sì máa ṣàwọ̀. Àdìrẹ aláró àti kampala tuntun nílò ìfọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró yóò ba aṣọ funfun tó wà nítòsí rẹ̀ jẹ́, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ lẹ́yìn ìránpọ̀ kò ní àtúnṣe.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé ¼ íǹṣì ni etí aṣọ tí a óò jẹ́ kó ṣẹ́kù sẹ́yìn ìrán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ègé onígun mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6 lẹ́yìn ìránpọ̀ gbọdọ̀ gé e ní íǹṣì 6½. Bí ìrán bá wọlé jù ní ⅛ íǹṣì péré, ègé kan yóò pàdánù ¼ íǹṣì, ègé 10 yóò sì pàdánù íǹṣì 2½. Nígbà náà ni ìlà kan yóò gùn ju èkejì lọ, tí aṣọ yóò sì wọ́.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Aṣọ ìbora tó fẹ̀ ní íǹṣì 60, tó gùn ní íǹṣì 72, yóò gba ègé 10 ní ìbú àti ègé 12 ní gígùn, ìyẹn ègé 120. Lára aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 44, ègé 6 ni yóò jáde ní ìlà kan, nítorí náà ìlà 20 ni a nílò. Èyí jẹ́ íǹṣì 130, tó lé díẹ̀ lórí ọ̀pá mẹ́ta àbọ̀. Ọ̀pá mẹ́rin yóò tó, yálà aṣọ kan ni tàbí àgékù oríṣiríṣi. Ẹ̀yìn aṣọ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 4 tóbi ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn íǹṣì 68 sí 80. Bí a bá gé aṣọ náà sí méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íǹṣì 68, tí a sì rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá mẹ́rin náà ni yóò gbà.

Lẹ́yìn tí ojú aṣọ bá ti parí, a óò tẹ́ ẹ̀yìn aṣọ sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀. A óò tẹ́ òwú lé e, a óò sì fi ojú aṣọ bò ó. Láti àárín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi píìnì tàbí òwú gbọọrọ so wọ́n pọ̀, kí a máa tẹ́ ẹ lọ sí etí, kí aṣọ má baà ká jọ. Àárín náà ni ìrán yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó já fáfá a máa rán ojú abẹ́rẹ́ 8 sí 10 nínú íǹṣì kan, ṣùgbọ́n kí olùbẹ̀rẹ̀ wá bó ṣe máa dọ́gba ná, kó tó wá bó ṣe máa kéré. Ẹni tí kò bá ní àkókò lè fi òwú ta kókó káàkiri, kí íǹṣì bíi 4 wà láàárín kókó kan sí èkejì.

Ìparí rẹ̀ ni ìgbátí. Aṣọ tóóró tó fẹ̀ ní íǹṣì 2½ ni a óò ká sí méjì, tí a óò sì rán yí etí ká. Àyíká aṣọ wa yìí jẹ́ íǹṣì 264, nítorí náà aṣọ tóóró 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íǹṣì 44 yóò tó, ìdajì ọ̀pá kan yóò sì pèsè wọn.

ÀWỌN ÀRÀ TÓ GBAJÚMỌ̀

Onírúurú àrà ló wà. Èyí tó rọrùn jù lọ ni ègé onígun mẹ́rin tí a tò bíi pátákó ayò dírááfù. Àrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Log Cabin, ìyẹn ahéré onígi. Onígun mẹ́rin kékeré ni ó wà láàárín rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ pupa, aṣọ tóóró a sì yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin Gee's Bend ní irú rẹ̀ tiwọn, Housetop ni wọ́n ń pè é, ìyẹn òrùlé. Wọn kì í dúró lórí ìwọ̀n bí àwọn mìíràn. Bí aṣọ pupa bá tán, wọn a fi búlúù tẹ̀síwájú. Ohun tí àwọn kan rò pé ó jẹ́ àṣìṣe yìí gan-an ni àwọn amòye wá ń kan sáárá sí.

Àrà kejì ni gbígé àwòrán lára aṣọ kan láti rán an mọ́ òmíràn, bíi ti Abomey. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ga jù nínú èyí ni Harriet Powers, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní ọdún 1837. Ó fi aṣọ gé ìtàn inú Bíbélì sórí aṣọ àlẹ̀pọ̀, ó sì pàtẹ rẹ̀ ní ọdún 1886. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Powers kọ̀. Nígbà tí ọwọ́ wá há, ó fẹ́ tà á ní dọ́là 10, dọ́là 5 ni ó gbà. Lónìí, Smithsonian ní Washington ni aṣọ náà wà. Aṣọ rẹ̀ kejì tó ṣẹ́kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Boston.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Láti ọdún 1999 tí ìwé kan ti gbé e jáde ni àwọn ènìyàn ti ń sọ pé àmì àṣírí wà lára aṣọ àlẹ̀pọ̀ tó ń tọ́ àwọn ẹrú tó ń sá lọ sọ́nà. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn kò rí ẹ̀rí kankan láti àsìkò ẹrú tó tì í lẹ́yìn.

IṢẸ́ ÀJỌṢE

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Àwọn obìnrin a máa pé jọ sí ilé ọ̀kan nínú wọn, wọn a jókòó yí férémù ká, wọn a máa rán, wọn a máa kọrin, wọn a sì máa gbàdúrà. Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹlòmíràn ló kàn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ àti àáró yóò mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni.

Èyí tó tóbi jù nínú iṣẹ́ àjọṣe yìí ni aṣọ ìrántí àwọn tí àrùn éèdì pa. Cleve Jones, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní San Francisco, ló ní èrò rẹ̀ ní ọdún 1985. Nígbà náà, ìtìjú àrùn náà pọ̀ débi pé àwọn ẹbí kan kò fẹ́ sọ ohun tó pa ọmọ wọn. Aṣọ òkú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 6, ìwọ̀n ibojì, orúkọ olóògbé a sì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 1987, wọ́n tẹ́ 1,920 irú rẹ̀ sórí pápá gbangba ní Washington. Títí di òní, ó ti tó nǹkan bí 50,000, orúkọ tó wà lára wọn ju 100,000 lọ. Ọdún 1996 ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan ní pápá náà kẹ́yìn, nítorí ó ti tóbi jù.

Àwọn àjọ mìíràn náà wà. Project Linus, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, ń pín aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn tàbí tó wà nínú ìpọ́njú. Quilts of Valor, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ogun ti kàn. Ọ̀fẹ́ ni àwọn aránṣọ ń ṣe é, nínú ilé kálukú wọn.

TA NI ÈRÈ TỌ́ SÍ?

Ní ọdún 2002, wọ́n kó aṣọ àlẹ̀pọ̀ Gee's Bend lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Houston, wọ́n sì tún kó o lọ sí Whitney ní New York. Àwọn ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ ọnà yìn ín gidigidi. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán mẹ́wàá lára wọn sórí sítáǹpù. Aṣọ tí wọ́n ti ń fi bo ọmọ sùn, tí wọ́n tilẹ̀ ń jó nígbà mìíràn láti fi lé ẹ̀fọn, wá di ohun tí wọ́n ń so kọ́ sára ògiri.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe owó. Ní ọdún 2007, mẹ́ta nínú àwọn ìyá náà gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ní èrè tó tọ́ sí àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Ní ọdún 2008, wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí. Ní ọdún 2015, mẹ́ta lára àwọn aránṣọ náà, Mary Lee Bendolph, Lucy Mingo àti Loretta Pettway, gba àmì ẹ̀yẹ àjogúnbá tó ga jù tí ìjọba àpapọ̀ ń fún oníṣẹ́ ọwọ́. Láti ọdún 2021, púpọ̀ nínú wọn ti ń ta aṣọ wọn fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi iye tó wù wọ́n lé e, owó náà sì ń bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà.

Ẹ̀kọ́ inú èyí kò lópin sí Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ ti ìjọ, ti àdúgbò tàbí ti àwọn opó, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ta ló ni aṣọ tí a jọ rán, ta ni yóò dá iye lé e, báwo ni a ó ṣe pín owó, ta ni a sì lè gbà láyè láti ya àwòrán rẹ̀ tà. Kí oníṣẹ́ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí ẹ̀yìn aṣọ. Ọ̀pọ̀ aṣọ àtijọ́ ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí tí kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tó rán an.

Ní ìsọ̀ télọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àpò àgékù ankara kì í wọ́n. Ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ tàbí inú iná. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ kan wà tí òtútù ń mú lóru nínú ìlú kan náà. Abẹ́rẹ́ kan, òwú àti sùúrù ló wà láàárín àpò àgékù yẹn àti àwọn ọmọ náà. Àwọn ìyá Gee's Bend kò ní ju ìyẹn lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.